Erin Lókè, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Nísàlẹ̀

Búrọ́ọ̀ṣì Àṣìkẹ́ wà lórí ètè ère náà, ọ̀dà pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn láti igun ẹnu kan lọ sí ìkejì, nígbà tí Bàrúwà fò dìde lórí àpótí tó jókòó lé, tó gbé rédíò rẹ̀ sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ.

"Sé fìní! Ó ti parí! Erin ti wọlé o!"

Ọwọ́ Àṣìkẹ́ kò gbọ̀n. Ó fa ọ̀dà náà dé igun kejì, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, ó sún sẹ́yìn, ó wo iṣẹ́ rẹ̀. Ètè náà gún régé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò. Láti oṣù kẹsàn-án ló ti ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí Bàrúwà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Ó ti rò ó lórí ibùsùn, ó ti rò ó nídìí àdógán, ó sì ti dá a lójú pé ọjọ́ tí òun bá gbọ́ ọ, àyà òun yóò là sí méjì. Ó ti gbọ́ ọ báyìí. Àyà rẹ̀ kò là. Eṣinṣin kan bà lé etí agolo ọ̀dà, Àṣìkẹ́ sì fi ọwọ́ lé e lọ.

"Jókòó, jàre," ni bàbá rẹ̀ wí láti ìdí igi tó ń fi ewé eèpín ha kó lè dán. "Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

"Bàbá Àṣìkẹ́, ẹ jẹ́ n yọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní obìnrin tó ń du ààrẹ Amẹ́ríkà yẹn ló máa mú un. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin! Ta ló gbọ́ ọ rí pé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé erin ṣánlẹ̀?"

"Ìgbà wo ni ìwọ alára dìbò kẹ́yìn ní ilẹ̀ Yewa níbí?"

"Ìbò tiwa?" Bàrúwà fi rédíò há abíyá. "Kí n lọ dúró nínú oòrùn, kí wọ́n fi yíǹkì kun èékánná mi, nítorí ta ni? Ti Amẹ́ríkà ló dùn. Àwọn yẹn, bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á gbà pé àwọn ṣubú."

"Gbogbo wọn kọ́. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tí erin ṣubú tí kò gbà ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Àṣìkẹ́ náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, ó sì gbọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ láìkan ibì kankan nínú ara rẹ̀.

Awakọ̀ ni Bàrúwà, ojú ọ̀nà Owódé sí Ìdìrókò ló ń ná, ìyẹn ló fi gbọ́ Faransé díẹ̀díẹ̀ tó máa ń dà síni létí. Láti ìgbà tí mọ́tò rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ló ti sọ abẹ́ àtíbàbà Bàbá di ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bàbá kò lé e. Ọdẹkúnlé, bàbá Àṣìkẹ́, ni ẹni tí wọ́n ń wá láti Igbógìlà títí dé Àfọ̀n bí ọ̀rọ̀ bá kan igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹni tó bá sì ń gbẹ́gi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ a máa fẹ́ ohùn ènìyàn nítòsí. Òun ló ń gbẹ́, Àṣìkẹ́ ló ń kun ọ̀dà. Láti ìgbà tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìlaró ni wọ́n ti jọ ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Igi méjì tó wà níwájú wọn yìí, Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ náà ti wá. Adédọ̀tun, àfẹ́sọ́nà Àṣìkẹ́, ló ránṣẹ́ nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yewa ní ìpínlẹ̀ Ohio fẹ́ ṣe àpéjẹ, wọ́n sì fẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tí erin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yóò máa wọ̀yá ìjà lórí rẹ̀. Erin ni àmì ẹgbẹ́ òṣèlú kan níbẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ti ìkejì. Èyí tó bá wọlé, kí Bàbá gbé e sókè. Èyí tó bá fìdí rẹmi, kó wà nísàlẹ̀ kí ọmọlàkejì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. "Ẹ kàn gbẹ́ wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Bàbá," ló wí lórí fóònù. "Ẹ má tíì kàn wọ́n pọ̀. Bí ìdìbò bá ti parí, ẹ ó mọ èyí tó máa wà lókè. Èmi fúnra mi ni màá wá gbé e lóṣù kejìlá."

Bàbá kò gbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rí. Ó wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù Àṣìkẹ́ títí ojú fi ń ro ó, ó gbẹ́ ẹ, Bàrúwà sì ní ewúrẹ́ tó ń gbààwẹ̀ ni. Ìyẹn tilẹ̀ kéré. Orí kan ni Dọ̀tun ní kí wọ́n gbẹ́, Bàbá gbẹ́ méjì, erin méjì, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì, ojú kan náà bí ìbejì. Nígbà tí Àṣìkẹ́ rán an létí, Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó ta ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo.

"Ta ló ń dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan jó? Méjì méjì ni wọ́n ń jáde. Ṣé ọkọ rẹ ti gbàgbé ni?"

"Kò tíì di ọkọ mi, Bàbá."

"Ó kù díẹ̀."

Òótọ́ ni, ó kù díẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé Kérésìmesì ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wọn. Àwọn ará ilé ti mọ̀, ìjọ ti mọ̀, ìyá Dọ̀tun ti ń pe Àṣìkẹ́ ní ìyàwó mi láti ọdún tó lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí ọkọ ìyàwó dé. Dọ̀tun fúnra rẹ̀ ló sì so dídé rẹ̀ mọ́ ìdìbò. "Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá wọlé, Ṣìkẹ́, lọ́jọ́ náà gan-an ni màá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí erin bá wọlé…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà. "Jẹ́ ká máa gbàdúrà."

Báyìí ni ọmọbìnrin Igbógìlà tí kò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tó pupa fún erin, èyí tó jẹ́ búlúù fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, èyí tí kò tíì mọ ibi tí yóò kọ orí sí.

Ìfẹ́ ló fà á. Ní Ìlaró, òjò àkọ́rọ̀ ló dá àwọn méjèèjì dúró lábẹ́ pánù ilé ìtàwé kan, Dọ̀tun bọ́ ẹ̀wù òkè rẹ̀, kò fi bo orí ara rẹ̀, ìwé Àṣìkẹ́ ló fi bò. Ìwé ìfẹ́ ni ìwé náà, irú èyí tí wọ́n ń yá ara wọn kà ní hósítẹ́ẹ̀lì títí èèpo rẹ̀ fi ya. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ọkùnrin bá bo ìwé rẹ lójò, ó ti tán, ẹ ó fẹ́ra yín ni. Àṣìkẹ́ gbà á gbọ́. Nígbà tí Dọ̀tun rí físà ẹ̀kọ́ gbà, tó ń lọ, ó gbà á gbọ́ síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Dọ̀tun lọ, Àṣìkẹ́ sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá Dọ̀tun fi ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òun.

Ohùn Dọ̀tun ni ó fi ń gbé láti ìgbà náà, ohùn tó ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́ ni. Láti bí oṣù mélòó kan, ọ̀rọ̀ ìdìbò ni. Ó ní màmá òyìnbó kan wà lódìkejì títì tó máa ń gbé àkàrà òyìnbó wá fún òun nígbà yìnyín, ṣùgbọ́n màmá náà ti ri pátákó olóṣèlú kan mọ́ iwájú ilé rẹ̀, òun kò sì mọ ojú tí òun yóò fi kí i mọ́, nítorí náà òun ti ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó ní níbi tí àwọn ti ń di páálí, àwọn ènìyàn ti pín ara wọn sọ́nà méjì nídìí tábìlì oúnjẹ, láìsí ẹni tó ní kí wọ́n pín. "Wọn ò jà o, Ṣìkẹ́. Wọn ò kàn wo ara wọn lójú mọ́." Àṣìkẹ́ a máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ bó ti ń kun ọ̀dà. Ojú obìnrin ni Bàbá gbẹ́ sísàlẹ̀ àwọn ẹranko náà, ojú tútù, ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì. Ohun yòówù kó máa jà lórí rẹ̀, ojú náà kì í mọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Àṣìkẹ́ ti fura pé ojú òun náà ti ń rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbí o."

Ìyá Dọ̀tun ló dé, Màmá Tíṣà, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ni nílé ìwé àwọn ìjọ kó tó fẹ̀yìntì. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ààwẹ̀ ìdìbò ló ń gbà. Àṣìkẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyàwó mi, ó ti pè?"

"Kò tíì pè, Màmá. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ wọn ni."

Màmá fa bẹ́ǹṣì, ó yí i padà, ó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ère.

"Màmá Tíṣà," ni Bàrúwà wí, "ẹ̀yìn lẹ kọ sí wọn yẹn? Wọn kì í géni jẹ o."

"Bàrúwà, n kò bá ọ jà láàárọ̀ yìí, má bá mi jà."

"Ọmọ yín mà ló ní ká gbẹ́ wọn."

"Ó ní kí ẹ gbẹ́ wọn. Kò ní kí èmi máa wò wọ́n." Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Wọ́n ní erin ni?"

Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ha igi rẹ̀. Bàrúwà pàápàá wo ilẹ̀.

"Ìjọ lódindi la fi gba ààwẹ̀ yìí," ni Màmá ń wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ìdajì ń gbà á fún erin, wọ́n ní òun ló bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìdajì ń gbà á fún obìnrin yẹn. Olúwa á máa wò wá. Èmi ò gbà á fún ẹnì kankan níbẹ̀. Ọmọ mi ni mo gbà á fún."

Fóònù Àṣìkẹ́ gbọ̀n lórí pákó, láàrin àwọn agolo ọ̀dà. Gbogbo ojú yí sí i. Ó fi aṣọ nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò kánjú, ó sì gbé e lọ sí ẹ̀yìn àtíbàbà, lábẹ́ igi káṣú.

"Ṣìkẹ́ mi."

"Dọ̀tun. O ti jí?"

"N kò sùn. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, mò ń lọ síbi iṣẹ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó wà ní ilé òkú. "Ṣìkẹ́, ká ní o wà níbí. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń yọ̀ ń fi ẹ̀rín pamọ́, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ń wo ìta. N kò mọ ta ni ta ni. Obìnrin kan jókòó tì mí, ó ń sunkún láìdún. Láti ibi tó ti wọlé ló ti ń sun ún."

"Kí ló dé tí o kò kí i?"

"Tó bá jẹ́ ẹkún ayọ̀ ńkọ́?"

Àṣìkẹ́ ronú sí ìyẹn. Èèrà kan ń gun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ń gùn ún, kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ̀n ọ́n dànù.

"Wọ́n ti fagi lé àpéjẹ ẹgbẹ́," ni Dọ̀tun ń bá a lọ. "Láti òru ni wọ́n ti ń bú ara wọn lórí Wásáàpù. Ọmọ Ayétòrò ń pe ọmọ Ìlaró ní ọ̀dàlẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ èyíkéyìí nínú wọn. Alága ti jáde kúrò níbẹ̀. Sọ fún Bàbá kí wọ́n má kan igi yẹn pọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó máa fẹ́ rí i."

"Màá sọ fún wọn."

"O ò bínú?"

"Oṣù kejìlá ńkọ́, Dọ̀tun?"

Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì náà. Ó gbọ́ nígbà tó dúró, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ mí fùú, tó tún gbéra.

"Lọ́yà ti ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tí ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde. Ó ní ká má ṣe kúrò nílùú. Ìjọba tuntun yìí ò tíì ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí wọ́n máa ṣe? Rò ó wò, Ṣìkẹ́. Bí mo bá wá, tí wọn ò wá jẹ́ kí n padà wọlé mọ́ ńkọ́?"

"Wàá wà níbí nìyẹn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Kò tilẹ̀ rò ó kó tó sọ ọ́. Ìdáhùn ìbéèrè ni.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ó yá lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rọ ohùn. "O mọ ohun tí mò ń sọ, ṣebí?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Nítorí àwa méjèèjì náà ni. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀… Ṣé ẹkún lò ń sun?"

"Rárá."

"Bó o bá fẹ́ sunkún, sun ún, mò ń gbọ́ ọ."

"N kò sunkún, Dọ̀tun."

"A ti ń dé ibi iṣẹ́," ló wí. Ó jọ pé ìyẹn dùn mọ́ ọn.

Fóònù dákẹ́. Àṣìkẹ́ dúró sábẹ́ igi káṣú, ó ń dúró de ara rẹ̀. Nínú àwọn ìwé hósítẹ́ẹ̀lì yẹn, ibí gan-an ni orúnkún ọmọbìnrin máa ń yẹ̀, ibí ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀, ibí ni yóò ti pe orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ títí ohùn yóò fi há. Oòrùn mú ganrínganrín. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òun ń ríran dáadáa. Ó rí aṣọ tí aládùúgbò sá sórí okùn, ó rí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Ẹkún náà ni kò rí.

Nígbà tó padà, Bàbá ti gbé erin kan sí ọwọ́ ọ̀tún, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan sí ọwọ́ òsì, ìṣó onígi mẹ́ta wà láàrin eyín rẹ̀.

"Erin lókè, àbí?"

"Ó ní kí ẹ má kàn wọ́n pọ̀ mọ́, Bàbá. Wọn ò ṣe àpéjẹ náà mọ́."

Bàbá yọ ìṣó lẹ́nu. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ lórí rẹ̀, bó ṣe máa ń wo ìtì igi kó tó mọ ibi tí yóò gbà wọ̀ ọ́. Ó rọra gbé àwọn ẹranko méjèèjì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, erin ń wo ìlà oòrùn, ewúrẹ́ aláàwẹ̀ ń wo ìwọ̀ rẹ̀.

Bàrúwà pa rédíò.

"Òun náà ńkọ́?" ni Màmá Tíṣà béèrè. "Ó ń bọ̀?"

"Kò ní lè wá, Màmá."

Màmá mi orí, ó mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ kó tó kúrò nílé. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dìde, ó sì ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Àṣìkẹ́ ló gbá a mú.

"Ebi ni, Màmá. Ẹ jẹ́ n sìn yín délé, kí ẹ fi nǹkan panu."

Wọ́n gba etí títì. Ọlọ́kadà kan kọjá, ó kí Màmá Tíṣà, Màmá kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́: ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà, ọdún ń sáré lóde òní, òun yóò lọ bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀, òun yóò ṣàlàyé fún pásítọ̀, kí Àṣìkẹ́ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àṣìkẹ́ ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Apá arúgbó náà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí gan-an ló ní ó dé?"

"Ó ní bí òun bá wá, wọ́n lè má jẹ̀ẹ́ kí òun padà wọlé mọ́."

Màmá dúró gbọn-in. Níbẹ̀, lẹ́bàá títì, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà, tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ó gbá ọwọ́ Àṣìkẹ́ méjèèjì mú, ó di ojú.

"Olúwa tó ni gbogbo ibodè ayé, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n ti ọmọ mi síta. Ìwọ lo gbé e lọ, má jẹ̀ẹ́ kí ohunkóhun fà á padà. Kó má há síbí, Olúwa. Bàbá, kó má há síbí. Lórúkọ Jésù."

Ó ń dúró de àmín.

Àmín kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rò kó tó ṣe é. Àṣìkẹ́ ti ń ṣe é láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ, nínú ìjọ, nínú mọ́tò, lẹ́yìn sísín ẹni tí kò mọ̀ rí. Ẹnu rẹ̀ ti là fún un. Ibẹ̀ ni àdúrà náà ti kàn án lára, ó pẹ́ díẹ̀, bí òkúta tí wọ́n sọ sínú kànga jíjìn tí a wá gbọ́ nígbà tó kan omi. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí òun ń gbọ́ ọ lónìí. Dọ̀tun ti kọ́kọ́ gbà á lórí fóònù, tirẹ̀ kàn kúrú ni. Ibi tí àwọn méjèèjì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ̀ẹ́ kí Dọ̀tun há sí, ibẹ̀ ni òun wà. Òun ló dúró síbẹ̀ yìí, tí ọ̀dà pupa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi sí i. Màmá yìí fẹ́ràn rẹ̀. Dọ̀tun náà fẹ́ràn rẹ̀, kò parọ́.

Màmá la ojú kan.

"Àṣìkẹ́?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Oòrùn ń pa yín."

Arúgbó náà wò ó. Ó ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ láyé, ó mọ̀ bí ọmọ bá dákẹ́ torí pé kò gbọ́ ìbéèrè, ó sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ìdákẹ́ tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ètè rẹ̀ gbéra bí ẹni tó fẹ́ tún àdúrà náà gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tún un gbà. Ó fi apá kọ́ apá ọmọbìnrin náà, wọ́n ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú oòrùn, wọ́n sì fi àdúrà náà sílẹ̀ lẹ́yìn wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, láìní àmín.